Ọkùnrin Tí Kì Í Ra Ìṣáná

Ọkùnrin kan wà tí ó ń mu sìgá, ṣùgbọ́n kì í ra ìṣáná. Kì í ṣe pé kò rí i rà, kì í sì í ṣe pé ahun ni. Ó ní ìdí tirẹ̀. Kò sọ ìdí náà fún ẹnikẹ́ni títí àìsàn fi gbé e dè.

Jókòó, Fọlárànmí. Ìtàn náà kò gùn, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí ó kan èmi náà níbì kan.

Òṣìṣẹ́ ilé omi ìjọba ni ọkùnrin yìí. Ilé omi náà wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí ilé ti tán tí oko ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ṣọ́ ẹ̀rọ tí ń fa omi láti inú odò. Bí ẹ̀rọ bá gbóná jù, á pa á. Bí ó bá tutù, á tún un tàn. Láàárín méjèèjì, á jókòó, á máa gbọ́ ariwo ẹ̀rọ. Òun nìkan ni ó máa ń wà nídìí ẹ̀rọ náà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí ẹnìkejì rẹ̀ yóò fi wá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe ọmọ ìlú náà. Ìyá rẹ̀ ti kú, kò sì níyàwó. Yàrá kan ni ó gbà nínú ilé elérò púpọ̀, a máa jáde kí àwọn ará ilé tó jí, a sì máa wọlé nígbà tí wọ́n bá ti wà nídìí oúnjẹ.

Onítìjú ni. Ìtìjú tirẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí ọmọdé ń ní tí ó sì ń fi sílẹ̀ bí ó bá ṣe ń dàgbà. Tirẹ̀ bá a dàgbà. Bí ó bá rí ẹni tí ó mọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, àyà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Á máa to ọ̀rọ̀ tí yóò fi kí onítọ̀hún jọ nínú ọkàn rẹ̀, kí ó sì tó tò ó tán, onítọ̀hún á ti kọjá. O mọ̀ bí ilẹ̀ wa ṣe rí. Ẹni tí kì í kíni, agbéraga là ń pè é. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é nínú ilé tí ó ń gbé, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Ó gbọ́, ó sì dùn ún. Ṣùgbọ́n kí ó tó lè ṣàlàyé fún wọn, yóò kọ́kọ́ la ẹnu, ẹnu náà gan-an ni kò sì ṣeé là.

Lọ́jọ́ kan, ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ fún un ní sìgá kan, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọkùnrin yìí kò mu sìgá rí. Ó ń yí i lọ́wọ́ síwá sẹ́yìn. Kò sí iná nítòsí. Ṣùgbọ́n ní ìkòríta tí ó wà níwájú géètì ilé omi, alágbàfọ̀ kan wà tí ó fi páànù kan ìsọ̀ kékeré kan, tí ó ń fi ayọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ. Ọkùnrin náà rọra rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi níná.”

Alágbàfọ̀ kò béèrè ẹni tí í ṣe. Ó ṣí ayọ́ọ̀nù, ó fi ẹ̀mú mú ẹyin iná kan jáde, ó nà án sí i. Bí ọkùnrin náà ṣe ń tẹ sìgá mọ́ ọn, alágbàfọ̀ ní, “Oòrùn òní yìí le o.”

“Ó le, ẹ̀gbọ́n.”

“Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí omi, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n tó wa.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Èéfín gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, alágbàfọ̀ sì ní kí ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kí ó mí díẹ̀. Ó jókòó. Alágbàfọ̀ ń lọ aṣọ, ó sì ń sọ̀rọ̀: èyí tí ó wà lọ́wọ́ òun yìí, aṣọ ọ̀gá ilé ìwé ni, ẹni tí kì í fẹ́ kí ìlà kankan wà ní èjìká. Ọkùnrin náà ń dáhùn, “Bẹ́ẹ̀ ni,” “Àbí?” “Háà!” Láti oṣù mẹ́jọ tí ó ti dé ìlú náà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó bá ènìyàn sọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ ra sìgá kan. Ẹnu rẹ̀ kò fẹ́ ẹ. Àmọ́ ó ti mọ ohun kan: kò sí ẹni tí ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó wá tọrọ iná pé kí ni ó wá ṣe. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú, ọ̀kan náà sì ni lójoojúmọ́. Ó ti há a sórí. Bí ọ̀rọ̀ bá sì tán lẹ́nu àwọn méjèèjì, ó ní ohun tí ó lè máa wò lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ìdí tí kì í fi í ra ìṣáná nìyẹn. Bí ó bá ra ìṣáná, kí ni yóò wí pé òun wá ṣe ní ìkòríta?

Ọdún mẹ́fà ni ó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni. Nígbà tí ó yá, ó fẹ́ máa lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó di sìgá mẹ́ta. Ara rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè fún sìgá náà fúnra rẹ̀, nítorí sìgá kì í dúró síbi tí a bá fi í sí. Ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí ó máa gbádùn rẹ̀ tó, kò mu ún rí níbòmíràn ju orí bẹ́ǹṣì yẹn lọ. Alágbàfọ̀ sọ fún un nípa ìyàwó rẹ̀ tí ó kú, nípa àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n wà ní òkè ọya tí wọn kì í wá. Ó sọ̀rọ̀ tó fún ẹni méjì. Ọkùnrin náà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sọ ohunkóhun nípa ara rẹ̀, alágbàfọ̀ kò sì fi dandan mú un.

Ní ọdún keje, òjò pọ̀ gan-an. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin náà gba inú òjò wá. Ó fi ọ̀rá we sìgá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì tutù láti orí dé ẹsẹ̀. Alágbàfọ̀ wò ó bí ó ti ń gbọ̀n, tí omi ń kán sílẹ̀ láti etí rẹ̀, nítorí pé ó fẹ́ iná. Àánú rẹ̀ ṣe é.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni alágbàfọ̀ lọ sí ìlú ńlá lọ ra ọṣẹ àti búlúù. Nígbà tí ó dé, ó pe ọkùnrin náà kí ó tó jókòó. Ó yọ láítà kan láti inú àpò, tuntun, ó ń dán.

“Gbà,” ó ní. “O ò ní jìyà òjò nítorí iná mọ́.”

Ọkùnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó wo láítà náà. Ọ̀rọ̀ kan dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé, ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà á padà, ẹ̀yin ni mo ń wá. Ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Ohun tí ó jáde ni, “Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣé gan-an.”

Lọ́jọ́ kejì, ó dúró ní géètì ilé omi. Sìgá wà lọ́wọ́ rẹ̀, láítà wà nínú àpò. Ó wo ọ̀kánkán. Alágbàfọ̀ ń da omi sí aṣọ. Kí ni yóò wí? Ó tan sìgá náà níbi tí ó dúró sí, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ.

Ó ronú pé kí òun sọ pé láítà ti sọnù. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ni, alágbàfọ̀ yóò sì rò pé òun kò mọyì rẹ̀. Ọjọ́ mìíràn, ó di ṣòkòtò méjì sínú àpò láti kó wọn lọ fún fífọ̀. Ó dé ìdajì títì. Ó rántí pé òun ti fọ ṣòkòtò náà, pé ojú alágbàfọ̀ yóò mọ aṣọ tí ó mọ́ yàtọ̀, yóò sì mọ̀ pé òun kàn ń wá àyè jókòó ni. Ìtìjú bò ó. Ó padà.

Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni ó ń ṣòro sí i. Ẹni tí kò yà fún ọ̀sẹ̀ kan ní àlàyé kékeré láti ṣe. Nígbà tí ó di oṣù mẹ́ta, àlàyé náà ti tóbi ju ẹnu rẹ̀ lọ.

Nísinsìnyí, kò sí ohun tí ó ń dá sìgá rẹ̀ dúró. Tẹ́lẹ̀, yóò rìn kí ó tó rí iná, yóò sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n iná ti wà nínú àpò rẹ̀ báyìí. Ó ń mu ún nídìí ẹ̀rọ, ó ń mu ún lórí ibùsùn. Páálí kan kì í dọjọ́ kejì. Ó ń mu ún láti fi dí àyè bẹ́ǹṣì yẹn, àyè náà kò sì dí.

Kí ni alágbàfọ̀ ń rò? Òun náà rí èéfín láti ẹ̀yìn ọgbà ilé omi. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ń gbé orí sókè bí géètì bá dún. Lẹ́yìn náà, ó sọ fún ara rẹ̀ pé iná lásán ni ọmọkùnrin yìí ń bá wá láti ọjọ́ yìí, èmi ni mo ń pè é ní ọ̀rẹ́. Ó gbé bẹ́ǹṣì wọlé. Ó dá ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wọn lójú pé ẹnìkejì kò fẹ́ òun, wọ́n sì wà ní ọ̀kánkán ara wọn bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì.

Ní àsìkò ọyẹ́, ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ ẹ̀jẹ̀. Ó dákú sídìí ẹ̀rọ. Ẹni tí ó wá gbaṣẹ́ ni ó bá a nílẹ̀, ó sì gbé e wá sí ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Èmi ni nọ́ọ̀sì tí ó gba orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ojú rẹ̀ ti là. Mo béèrè ìlú rẹ̀, ó sọ fún mi. Mo béèrè ọjọ́ orí rẹ̀ àti ẹ̀sìn rẹ̀. Mo wá béèrè ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo aláìsàn.

“Ta ni kí a ránṣẹ́ sí?”

Ó ń wo àjà. Mo tún un béèrè.

“Alágbàfọ̀ kan wà ní ìkòríta ilé omi.”

“Kí lorúkọ rẹ̀?”

Ó kọjú sí ògiri. Èjìká rẹ̀ ń mì. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹkún ni ó ń sun. Ọdún mẹ́fà ni ó fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì ọkùnrin yẹn, “ẹ̀gbọ́n” ni ó sì ń pè é. Kò béèrè orúkọ rẹ̀ rí.

“N kò mọ̀ ọ́n, nọ́ọ̀sì.”

Mo kọ “Alágbàfọ̀” sí ibi tí ó yẹ kí n kọ orúkọ sí. Mo ti ń gba orúkọ aláìsàn kí ó tó di ọjọ́ yẹn, mo sì gbà á fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. N kò tún kọ irú rẹ̀ mọ́.

Awakọ̀ ilé ìwòsàn ni ó jíṣẹ́ náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, lásìkò tí àwọn ènìyàn ń wá wo aláìsàn, mo rí bàbá kan lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọ ẹ̀wù funfun tí ó lọ dáadáa, ó sì gbé fúláàsì ẹ̀kọ dání. Mo mọ̀ pé òun ni. Ó dúró níbi ẹsẹ̀ ibùsùn, kò jókòó.

“Ṣé èmi lo ní kí wọ́n pè?”

“Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n.”

“Láti ọdún méjì, o ò yà. Mo fún ọ ní láítà, o gba láítà, o lọ.”

“Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe iná ni mo ń wá.”

 Bàbá náà wò ó bí ẹni tí ó ń tún gbogbo ọjọ́ náà kà.

“Kí ló wá dé tí o ò sọ?”

“Ẹnu mi ni kò gbà á.”

Bàbá náà jókòó nígbà náà. Ó ṣí fúláàsì, ó bu ẹ̀kọ sínú ife, ó dì í mú títí ó fi tutù díẹ̀. Aláìsàn náà ń wò ó. Ó mí kanlẹ̀, bí ẹni tí ó fẹ́ gbé ẹrù wúwo, ó sì béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ yín?”

“Sùnmọ́nù. Ìwọ ńkọ́?”

“Bámitálẹ́.”

“Mu ẹ̀kọ, Bámitálẹ́.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ó lò lọ́dọ̀ wa. Dókítà sọ fún un pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti bàjẹ́ níbì kan tí kò ní padà sí bí ó ti wà, pé bí kò bá fi sìgá sílẹ̀, ìyókù yóò tẹ̀ lé e. Ó gbà. Nínú ilé ìwòsàn, kò ṣòro púpọ̀, nítorí àwọn ènìyàn wà ní ibùsùn ọ̀tún àti òsì. Ìgbà tí ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ni ìyà bẹ̀rẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ ọ́ fún mi nígbà tí ó wá gba oògùn. Ó ní ní ọjọ́ àkọ́kọ́, òun jáde ní géètì láìsí ohunkóhun lọ́wọ́, òun kò sì mọ ibi tí òun yóò kó ọwọ́ sí. Òun padà. Ní ọjọ́ kejì, òun dé ìwájú ìsọ̀, ẹni tí ó wá kó aṣọ wà níbẹ̀, òun sì ṣe bí ẹni tí ń lọ síbòmíràn, òun rìn kọjá títí dé ibi tí títì ti yí, òun sì gba ẹ̀yìn oko padà. Ní ọjọ́ kẹta, òógùn bò ó, ó dúró níwájú ìsọ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́.”

Kò sí nǹkan mìíràn tí ó mọ̀ láti fi kún un. Bàbá Sùnmọ́nù kò rẹ́rìn-ín, kò sì béèrè ohunkóhun. Ó kó aṣọ kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Má rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, Bàbá Sùnmọ́nù lọ wo àwọn ọmọ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọkùnrin yìí ra sìgá kan, ó sì mu ún. Ó wá bá mi, ó dorí kodò bí ẹni tí ó jalè. N kò bá a wí. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, “Ta ni ẹ bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn?”

Ó ronú. “Kò sí ẹnikẹ́ni.”

“Ọjọ́ tí ó ṣíwájú rẹ̀ ńkọ́?”

“Kò sí.”

Mo sọ fún un pé ẹnì kan kò tó, pé kí ó lọ mọ orúkọ ẹnìkejì. Ó lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó béèrè orúkọ ọlọ́dẹ tí ó ń ṣọ́ géètì, ẹni tí ó ti ń rí láti ọdún mẹ́sàn-án. Lẹ́yìn náà ni ó mọ ti ìyàwó onílé rẹ̀. Lọ́dún kan gbáko, ènìyàn mẹ́rin ni. Mẹ́rin yẹn nira fún un ju bí iṣẹ́ oko ti nira fún ẹlòmíràn lọ. Onítìjú ni ó sì wà síbẹ̀. Ìgbà tí mo rí i kẹ́yìn, àyà rẹ̀ kò jẹ́ kí ó yára rìn, ó sì máa ń wo ilẹ̀ kí ó tó kíni. Ṣùgbọ́n ó ń kíni.

Nígbà tí Bàbá Sùnmọ́nù kú, àwọn ọmọ rẹ̀ dé láti òkè ọya. Wọn kò mọ ọkùnrin tí ó jókòó lẹ́yìn pátápátá níbi àdúrà. Wọ́n béèrè bóyá ẹnì kan ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ó dìde. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ sọ fún mi pé ó dúró pẹ́ kí ohùn tó jáde. Ó ní, “Èmi ni Bámitálẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ni bàbá yín.” Ó sì jókòó.

Fọlárànmí, kì í ṣe gbogbo onítìjú ni ó ń mu sìgá. Mo ti tọ́jú aláwàdà tí ó ń mu ún nítorí pé kò lè wà láàárín ẹgbẹ́ kí ó má ṣe ohun tí ẹgbẹ́ ń ṣe. Mo ti tọ́jú ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀, tí ó ń fi í ka wákàtí. Mo sì mọ onítìjú tí kò fọwọ́ kàn án títí ó fi dàgbà. Ìwà kì í ra sìgá fún ènìyàn. Àmọ́ bí ohun kan bá wà tí ìwà rẹ kò jẹ́ kí o lè ṣe, tí sìgá sì wá ń bá ọ ṣe é, kò ní rọrùn fún ọ láti lé e lọ, nítorí o ti gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́.

Ìwọ kì í ṣe onítìjú. Lánàá, o sọ fún mi pé oníbìínú ni ọ́, pé bàbá rẹ jẹ́ bẹ́ẹ̀, pé bí o kò bá jáde lọ mu sìgá, o lè ṣe ohun tí o máa kábàámọ̀. O ní bí Ọlọ́run ṣe dá ọ nìyẹn. Mo gbà pé oníbìínú ni ọ́. Mo tilẹ̀ yìn ọ́ pé o ń dìde jáde. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ wá bá mi ní ọjọ́ Àìkú. Kò fẹjọ́ èéfín sùn mí. Ohun tí ó sọ ni pé, “Màmá, bí mo bá ti la ẹnu, á ti mú páálí rẹ̀, á jáde. Bó bá fi máa wọlé, ọ̀rọ̀ ti tán. N kò mọ ohun tó ń bí i nínú. Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti ń bá ilẹ̀kùn sọ̀rọ̀.”

Ìwọ dúró lẹ́yìn ilé, o rò pé ò ń gbà á lọ́wọ́ ìbínú rẹ. Òun jókòó nínú ilé, ó rò pé o kò fẹ́ gbọ́ ohùn òun. Kò sí ẹni tí ó ń purọ́ nínú ẹ̀yin méjèèjì, ẹ sì ń dá wà lábẹ́ òrùlé kan náà.

N kò ní kí o ju páálí yẹn nù kí o tó kúrò níwájú mi. Ìyẹn yóò ní ọjọ́ tirẹ̀, màá sì bá ọ lọ rí dókítà bí ó bá tó àkókò. Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe kéré sí i, ó sì le jù ú lọ. Nígbà tí inú bá bí ọ ní ìrọ̀lẹ́ òní, má dìde. Di ọwọ́ rẹ mú, má di ẹnu rẹ mú. Sọ fún un pé, “Inú ń bí mi, ohun tó sì ń bí mi nínú nìyí.” Ohùn rẹ yóò gbọ̀n. Jẹ́ kí ó gbọ̀n. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí obìnrin yẹn ti ń retí láti gbọ́ ọ.

Máa lọ sílé.